Ọjọ́ Tí Qudrah Kéde Ikú Ọkọ Àfẹ́sọ́nà Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn ìfẹ́ tí gbogbo nǹkan ti ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó lọ wá òmíràn kà. Nínú tiwa yìí, wọ́n gbẹ́ sàréè kí wọ́n tó so yìgì. Mi ò lè sọ ọ́ kó má pa mí lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó bá ti dàgbà tó èmi yìí, tó bá rẹ́rìn-ín jù, ojú nìkan kọ́ ni omi ti ń jáde lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ n jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Ìbàfò ni, nínú pálọ̀ Àlàájì Ṣàkírù tó ń fi típà kó yanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Àlàájì bí, Qudrah. Ìyá ọmọ náà ti kú láti ìgbà tó wà ní kékeré, ìyá Àlàájì fúnra rẹ̀, Ìyá Sùwéébátù, ló tọ́ ọ dàgbà. Qudrah kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà yunifásítì tó wà ní Ìbógùn, ó gboyè, ó ṣe àgùnbánirọ̀, ó padà wálé. Láti ọjọ́ tó ti gboyè ni bàbá rẹ̀ kò ti pe orúkọ tó sọ ọ́ mọ́. "Ẹnjiníà" ló ń pè é. Nígbà tó ra típà tuntun, ó ní kí wọ́n kọ BÀBÁ ẸNJINÍÀ gàdàgbà sí ìdí ọkọ̀ náà, kí gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì lè rí i kà.

Èbà ló ń jẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí Qudrah wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá mi, mo fẹ́ padà sí yunifásítì, sà."

Àlàájì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹnjiníà mi! Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Dìgírì kejì. Lọ gbà á, Ọlọ́hun á ràn ẹ́ lọ́wọ́."

"Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ni, sà."

Òkèlè dúró sí ẹnu Àlàájì. Kò gbé e mì, kò sì tu ú dànù.

"Ìròyìn bíi ti báwo?"

"Iṣẹ́ akọ̀ròyìn, sà. Ti orí rédíò. Èkó ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọdún kan ni, fún àwọn tó ti ní dìgírì mìíràn tẹ́lẹ̀."

"Àwọn tó máa ń jí wa láàárọ̀ pé ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àlàájì fi agbára gbé òkèlè náà mì, ó sì figbe ta. "Ìyá mi o! Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ! Ẹ gbà mí o!"

Ìyá Sùwéébátù sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ní etí, ìró lọ́wọ́ kan. "Kí ló dé? Ṣé oyún ni?"

"Oyún kọ́."

"Ṣé ó jalè ni?"

"Ìwé ni! Ó tún fẹ́ lọ ka ìwé mìíràn!"

"Ìwé?" Ìyá Sùwéébátù wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwé lo fi lọgun tí mo fi sá jáde báyìí, tí ọmú mi ń jù fìrìfìrì kiri pálọ̀? Ṣàkírù, Ọlọ́hun ló máa bi ọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré, èmi ni mo ń lé ẹ lọ sílé ìwé, ìwọ ń sá wọgbó. Ọmọ ẹ wá ń wá èyí tó pọ̀ sí i, ò ń ké bí ẹni tí ọ̀nì gbá mú."

"Kí ni wọ́n á máa wá pè mí báyìí? Ṣé kí n lọ pa ohun tí mo kọ sí ìdí ọkọ̀ rẹ́ ni?"

Qudrah gbójú sókè. "Bàbá mi, ní Ìbógùn, ọjọ́ tí mo bá wọ yàrá ẹ̀rọ, àlejò ni mí níbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá ka ìròyìn lórí rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé mo wà láyé."

Ojú Àlàájì dà bí ti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ takú sáàárín títì. Ó fa omi mu.

"Ọdún kan," ó ní. "Ọjọ́ tí o bá parí, ọkọ ni mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìròyìn mìíràn."

Ọkọ kò tilẹ̀ dúró dìgbà náà.

Kíláàsì tí Qudrah wọ̀ ní Èkó, àwọn tó ti ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mìíràn lápò ló kún inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, oníṣègùn ẹran ọ̀sìn kan tilẹ̀ wà níbẹ̀. Olùkọ́ wọn, Dókítà Ìbíwùnmí, ti ka ìròyìn lórí rédíò títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó pín wọn ní méjì-méjì pé kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ wá ara wọn lẹ́nu wò. Ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ Qudrah ni Muqtadir, tíṣà kẹ́místìrì ní ilé ìwé aládàáni kan ní Mówè, ọkùnrin gíga tí etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ọwọ́ ìkòkò.

"Kí lò ń bẹ̀rù jù láyé?" Qudrah bi í, bí oníròyìn gidi.

"Ìyá mi."

Qudrah bú sẹ́rìn-ín.

"Má rẹ́rìn-ín," Muqtadir ní. "O ò tíì rí i."

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lọ sílé. Mówè ni Muqtadir háyà yàrá sí, Ìbàfò sì ni èèyàn máa kọ́kọ́ kàn kó tó dé Mówè. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kì í bá Qudrah bọ́ sílẹ̀ ní Ìbàfò. Á ní kó ka ìròyìn tí wọ́n fẹ́ fi dán wọn wò lọ́la fún òun. Qudrah á dúró létí títì, tírélà ń fọn fèrè, obìnrin alágbàdo ń fẹ́ná, á máa kà á. Muqtadir á dijú. Ọkùnrin tó ń dijú tẹ́tí sí obìnrin, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi mí bó ṣe máa ń ṣe ni lára.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Qudrah kà á tán, Muqtadir kò lajú.

"Ó ti tán o," Qudrah ní.

"Mo mọ̀. Mò ń rò ó bóyá mo lè máa gbọ́ ohùn yìí láàárọ̀ kí n tó fọ ẹnu."

"Tan rédíò."

"Rédíò kò lè bímọ fún mi."

Obìnrin alágbàdo kígbe, "Háà, bọ̀dá yìí!" Qudrah sá lọ sílé. Nígbà tó délé, iyọ̀ ló bù sí tíì, ó sì mu ún tán láì mọ̀.

Ìyá Sùwéébátù ló ń wò ó. "Ọkùnrin wo ni?" ó béèrè. Kò sì jẹ́ kó sinmi títí tó fi sọ ọ́.

Báyìí ni Ìyá Sùwéébátù sọ ara rẹ̀ di alárinà. Ìdílé Muqtadir wà ní Ifọ̀. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Mùnírátù, ń ta tìmùtìmù lẹ́bàá ọjà. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Ọlágòkè, ń ṣe wáyà iná sílé fún àwọn èèyàn. Ìyá Sùwéébátù dé ṣọ́ọ̀bù ìyá ọmọkùnrin náà bí ẹni tó fẹ́ rajà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ lórí tìmùtìmù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí le jù. Ẹni tó fẹ́ bímọ kò lè lo èyí."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bímọ ni?" Àlàájà Mùnírátù bi í.

"Ọmọ-ọmọ mi ni, pẹ̀lú ọmọ tìẹ."

Àlàájà Mùnírátù la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Nígbà tó rí i pa dé, ẹ̀rín ló kù, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó pọ̀ sórí èyí tó rọ̀ jù. Wọ́n dá oṣù tí ìdílé méjèèjì yóò rí ara wọn. Gbogbo nǹkan ń lọ bí ẹni ń fi ọṣẹ fọ aṣọ funfun.

Ibẹ̀ ni Dókítà Ìbíwùnmí ti gbé iṣẹ́ mìíràn kalẹ̀. Ó ní ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tó bá ń ka ìkéde òkú, kó má dé iwájú ẹ̀rọ rédíò. Ó ní kí oníkálukú kọ ìkéde ikú ẹnì kejì rẹ̀, kó kà á sínú fóònù, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni náà kó gbọ́ ọ kí òun tó gbọ́ ọ. Qudrah sé ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ronú kan òkú gidi tó sọnù lọ́wọ́ òun, ìyá rẹ̀, ó sì ka ti Muqtadir.

"Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àmọ́ pẹ̀lú ọpẹ́ fún Ọlọ́hun Ọba tó ni ẹ̀mí, a kéde ìpapòdà ọmọ wa, Muqtadir Ọlágòkè, ti ẹ̀bá ọjà Ifọ̀, ẹni tó jáde láyé ní ìlú Èkó lówùúrọ̀ òní. A ó kírun sí i lára nílé bàbá rẹ̀ ní Ifọ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀." Lẹ́yìn èyí ló wá fi ẹ̀rín sí i: "Ìdánrawò kíláàsì nìyí o. Muqtadir ń bẹ láyé, ó sì jẹ búrẹ́dì mi lánàá."

Muqtadir gbọ́ ọ, orí rẹ̀ wú. Ó gbé e sójú Wọ́sáàpù rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ ti lè gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ gbọ́ ohùn ìyàwó mi." Wọ́sáàpù kì í gba ohùn tó bá gùn jù níbẹ̀. Iwájú nìkan ló gbà, ó gé ìrù rẹ̀, ibi tí Qudrah ti ní ìdánrawò ni, dànù. Muqtadir kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pa fóònù, ó wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ní Ifọ̀, Àlùfáà Ṣàràfá, ládàánì mọ́sálásí wọn, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àlùfáà kì í ka Yorùbá tí wọ́n bá fi ABD kọ, etí ló fi ń lo fóònù. Ohun tó gbọ́, ohùn rédíò ni, ó mọ́ gaara. Ta ni yóò jiyàn? Ó kígbe Ìnnà lílláhi, ó gun orí ìjókòó, ó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò.

Òkú Mùsùlùmí kì í sùn nílẹ̀. Kí Muqtadir tó dáhùn ìbéèrè kejì nínú ìdánwò, àwọn ọkùnrin ti gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì.

Nígbà tí wọ́n jáde, Qudrah tan fóònù. Ìyá Sùwéébátù ló ń pè, ó sì ti ń sunkún.

"Qudrah, ọkọ ẹ kú, o ò sọ fún mi, rédíò lo gbà lọ! Mo ti wà ní Ifọ̀ báyìí."

"Ìyá àgbà, ta ló kú? Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ ẹ̀pà."

"Ta ló ń jẹ ẹ̀pà?"

"Muqtadir!"

Ohùn Ìyá Sùwéébátù rẹlẹ̀. "Qudrah, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ o. Ó ti dé àyà ẹni tó ń gbẹ́ ẹ."

Muqtadir gba fóònù. "Ìyá, èmi nìyí."

Igbe kan dún pé òkú ń sọ̀rọ̀, fóònù jábọ́ lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó gbé e mọ́.

Bí wọ́n ṣe dé Ifọ̀, Qudrah kò lè sọ ọ́ dòní. Ohun tó rántí ni pé àwọn tó jókòó síta ló kọ́kọ́ rí Muqtadir, tí ìjókòó sì ń wó lulẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sá. Ọkùnrin kan fò wọ inú gọ́tà. Àlùfáà Ṣàràfá ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀, kò parí ọ̀kan kó tó bọ́ sí òmíràn. Àlàájà Mùnírátù nìkan ni kò sá. Ó dìde nílẹ̀, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó rìn lọ bá ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbá a létí. Ìgbátí náà dún dé mọ́sálásí.

"Ta ló sọ pé o kú?"

Qudrah kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Iṣẹ́ kíláàsì ni, mà. Ẹ forí jì mí."

"Èmi ni mo gbé e síta, Màámi," Muqtadir ní. "Qudrah kò mọ̀."

Kí Àlàájà tó rí èsì fọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan tó kéré sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sunkún kíkan. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Tààrà ló lọ di Àlàájì Ọlágòkè mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi! Ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ mi o! Ọlọ́hun, kí la ṣe?"

Àwọn ọmọ náà ń yí nílẹ̀, wọ́n ń pe, "Ẹ̀gbọ́n wa o!" Ẹni tó ń sá lọ dúró. Ẹni tó wà nínú gọ́tà yọ orí. Nítorí etí àwọn ọmọ méjèèjì yọ síta bí ọwọ́ ìkòkò.

Àlàájà Mùnírátù yíjú. "Ìwọ obìnrin yìí. Ta lo pè ní ọkọ ẹ?"

Obìnrin náà gbójú sókè, ó rí Muqtadir tó dúró láàyè, ó tún rí ojú ìyá rẹ̀. Àjíbíkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Àlàájì ló pè mí pé àkọ́bí àwọn ti kú. Mo ní bó ti wù kó rí, ti ọjọ́ ikú kò yẹ kí n sá pamọ́."

"Níbo lo ti wá?"

"Àkútè ni, mà."

"Àkútè." Àlàájà Mùnírátù wo ọkọ rẹ̀. "Àkútè tí o ti ń ṣe wáyà ilé kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́sàn-án?"

Àlàájì Ọlágòkè ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ni wáyà náà gbà kọjá. Ìyá Sùwéébátù, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, wo àwọn ọmọ méjèèjì, ó ní, "Ó jọ pé iná ti tàn níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì."

Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rántí sàréè mọ́ àfi lèmọ́mù tó ní kí wọ́n dá yanrìn padà sí i. Àwọn ìyá àgbà kan ní wọn kì í bo sàréè lófìfo, wọ́n ń wá ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n máa sin síbẹ̀. Qudrah gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lé sàréè ọkùnrin tó fẹ́ràn lórí, ó fọwọ́ di etí.

Lẹ́yìn rẹ̀, ilé Ifọ̀ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Ìyá Sùwéébátù tún lọ síbẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, Àlàájì Ọlágòkè ló jókòó gbà á. Wọ́n ní Àlàájà ń sinmi, ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Sùwéébátù gbé bọ̀ sí Ìbàfò wúwo lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò jókòó kó tó sọ ọ́.

"Wọ́n ní ẹbí ti pinnu. Wọ́n ní ẹnu tó kéde ikú ọmọ wọn kò lè wọlé wọn bẹ́ẹ̀. Tí Qudrah bá fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀, tó búra pé òun kò tún ní kà á láéláé, wọ́n á so yìgì. Tí kò bá fi í sílẹ̀, kó wá ọkọ síbòmíràn."

Inú Àlàájì Ṣàkírù dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i? Ọlọ́hun ló sọ̀rọ̀ yẹn! Ẹnjiníà mi, fi sílẹ̀. O rí ọkọ, mo rí ọmọ mi padà."

Qudrah lọ dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ṣé lóòótọ́ ni ẹnu òun burú? Ó ti ka ìkéde kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ìyá kan ti gbọ́ ikú ọmọ, ilé kan sì ti ya sí méjì. Tó bá ṣe pé òun ló wà nípò ìyá yẹn, ṣé òun á fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn nínú ilé láàárọ̀? Ó dìde, ó lọ bá Muqtadir ní Mówè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde nílé ìwé nígbà tó dé. Muqtadir ti gbẹ. Wọ́n dúró sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

"Ìwọ ńkọ́?" Qudrah bi í. "Mo ti gbọ́ tẹbí. Tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Muqtadir fọwọ́ pa orí. "Mo fẹ́ ẹ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Qudrah, ṣé o kò lè kàn sọ fún wọn pé o ti fi sílẹ̀? Ká so yìgì ná. O ṣì máa lọ sí kíláàsì. Ta ló máa mọ̀? Tó bá pẹ́ díẹ̀, a á sọ fún wọn."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi yìnyín lé Qudrah lórí. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wo etí rẹ̀ méjèèjì.

"Muqtadir, ṣé o fẹ́ ká fi Àkútè tiwa bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ẹnu Muqtadir là sílẹ̀. Qudrah kò dúró gbọ́ ohun tó máa bá ibẹ̀ jáde. Ó sunkún láti Mówè dé Ìbàfò, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ń kí i pé Ọlọ́hun á tu ú nínú, wọ́n rò pé èèyàn rẹ̀ ló kú.

Kò pe Muqtadir mọ́. Ó ń lọ sí kíláàsì, ó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀sì. Tó bá ku òun nìkan, á gbé fóònù, á wo orúkọ rẹ̀, á sì gbé e sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń bi í lójoojúmọ́ bóyá ó ti fi sílẹ̀. Ó ń dáhùn lójoojúmọ́ pé rárá, sà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló ń fọ híjáàbù rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan, èyí tí wọ́n fi ń kó tìmùtìmù, dúró lẹ́nu géètì. Àlàájà Mùnírátù ló bọ́ sílẹ̀. Híjáàbù bọ́ lọ́wọ́ Qudrah. Níbo ni wọ́n ti rí ìyá ọkọ tó ń dá wá sílé ìyàwó tí wọn kò tíì gbé, láì ránṣẹ́, láì mú ẹbí kankan lẹ́yìn? Àlàájì Ṣàkírù jáde láì wọ bàtà. Ìyá Sùwéébátù ní, "Jọ̀wọ́, má tún sọ pé ẹnì kan kú."

Àlàájà jókòó ní pálọ̀, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. "Ọ̀dọ̀ ọmọ yín ni mo wá," ó wí fún Àlàájì Ṣàkírù. Ó yíjú sí Qudrah tó kúnlẹ̀. "Ṣé o ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Qudrah yóò fi parọ́, gbogbo rẹ̀ á sì tán. "Rárá, mà."

"Wọ́n ní tí o kò bá fi í sílẹ̀, o ò ní fẹ́ ọmọ mi."

"Mo gbọ́, mà."

"O ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Ó ń dùn mí wọ egungun, mà. Àmọ́ mi ò lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mi ò sì ní tàn yín pé mo fi í sílẹ̀."

Àlàájà Mùnírátù mí kanlẹ̀. "Ta ló ní kí o fi í sílẹ̀?"

Qudrah wo ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá àgbà wo bàbá. "Ẹ̀yin ni, mà. Ẹbí ni."

"Èmi kẹ̀? Ìgbà wo? Àná ni Muqtadir kúnlẹ̀ fún mi, ó ní òun bẹ ọmọbìnrin kan pé kó parọ́ fún mi, láti ọjọ́ náà oorun kò kun òun. Mo ní irọ́ kí ni? Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Ọlágòkè ti fi orúkọ mi ránṣẹ́. Ẹ̀rù rẹ ló ń bà á! Ó sọ ọ́ lójú mi lánàá, ó ní tí ọmọ yẹn bá wọlé yìí, kò sí ohun tí yóò fi ara pamọ́ mọ́."

Ó pa ìdí dà lórí àga. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

"Kúlà oúnjẹ ni mo máa ń gbé fún un tó bá ń lọ sí Àkútè. Ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè. Tó bá gbé kúlà náà dé, á mọ́ fóò, wọ́n á ti fi ọṣẹ fọ inú, wọ́n á fọ ìdérí. Ọkùnrin wo lẹ rí tó ń fọ kúlà? Mo rí i lójoojúmọ́, mò ń yin Ọlọ́hun pé ọkọ mi mọ́ tónítóní! Gbogbo àdúgbò mọ̀. Ṣàràfá mọ̀. Àwọn oníbàárà mi mọ̀. Kò sẹ́ni tó là mí lóye. Ìwọ tí o kò mọ nǹkan kan, ìwọ lo là mí lójú."

"Mà, ikú ọmọ yín ni mo fi—"

"Mo mọ ohun tí o fi ṣe é. Ó ṣì ń gbọ̀n lára mi. Tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ báyìí, ara mi á kọ́kọ́ bù máṣọ. Á fi mí sílẹ̀ tó bá yá. Nígbà wo lẹ máa parí ẹ̀kọ́ náà?"

"Lẹ́yìn ààwẹ̀, mà."

"A á so yìgì lẹ́yìn tí o bá parí. Mi ò fẹ́ kí o gbé iṣẹ́ àbọ̀ wọlé mi."

Àlàájì Ṣàkírù rí ẹnu. "Àlàájà, ìwé ẹ̀rọ tó kà ńkọ́?"

"Ṣé igi ni rédíò, tàbí ẹ̀rọ?" Ìyá Sùwéébátù jágbe mọ́ ọn. "Ṣàkírù, dákẹ́, àlejò wà nílé."

Àlàájà na ọrùn sí ojú fèrèsé. "Muqtadir! Ẹ máa bọ̀!"

Muqtadir wọlé láti inú ọkọ̀. Kò dá wọlé. Ọmọbìnrin Àkútè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, àbúrò ọmọ náà wà lọ́wọ́ òsì. Ìyá Sùwéébátù di ẹnu mú. Qudrah wo Àlàájà, kò lè mú ojú kúrò.

"Mò ń bínú sí bàbá wọn," Àlàájà ní, láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè. "Mò ń bínú sí ìyá wọn náà, inú náà kò ì tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n tí kò fojú kàn rí, níbo ni kí n lé e lọ?"

Muqtadir dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àlàájì Ṣàkírù. Ọmọkùnrin kékeré wò ó, òun náà na gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Àlàájì Ṣàkírù ń wá bí yóò ṣe le ojú, ẹ̀rín kò jẹ́ kó rí i ṣe.

Ọmọbìnrin náà, Ikram, kò kúnlẹ̀. Ó wá dúró síwájú Qudrah, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀gbọ́n wa kú?"

"Èmi ni," Qudrah ní.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ o."

Omi bọ́ lójú Qudrah. "Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Muqtadir gbé orí sókè díẹ̀ nílẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Gbogbo yín ti gbọ́ o," ó ní. "Ó ti ṣèlérí."